Mo Tún Fi Ẹsẹ̀ Mi Tẹ Òkè Olósùnta

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ti Àkúrẹ́ ń bọ̀ tí ẹ ń lọ sí Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ bá lójú títì ńlá nígbà tí ẹ bá wọ ilẹ̀ Èkìtì. Kì í ṣe ilé ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, òkúta ni. Òkúta ràbàtà méjì ló jókòó ti ìlú wa, ọ̀kan ń jẹ́ Olósùnta, èkejì ń jẹ́ Òrólè. Wọn kì í ṣe òkè oníkoríko bí ti ibòmíràn. Akọ òkúta ni wọ́n, òjò ti fi ọjọ́ ayé fọ ara wọn dán. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí oòrùn sì yọ, wọn a máa kọ mànà bí ẹ̀yìn erinmi. Olósùnta kì í sì í ṣe òkúta lásán lójú ará Ìkẹ́rẹ́. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Júláì, ni a ń ṣe ọdún rẹ̀, Olúkẹ́rẹ́ sì ni àwòrò rẹ̀. Kí onígbàgbọ́ máa ṣe tirẹ̀, kí mùsùlùmí máa ṣe tirẹ̀, bí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bá wà lájò tí ilé ń wù ú, òkè yìí ló kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn. Èmi náà wà nínú wọn.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, ẹsẹ̀ lásán la fi ń gun òkè náà. Oko bàbá mi kò jìnnà sí ìdí rẹ̀. Bí a bá ti bá a ro oko dé ìwọ̀n tí ó ní ó tó, àwa ọmọ a gba abẹ́ kòkó kọjá, ó di ìdí òkúta, ó di òkè. Oòrùn á ti yá òkúta náà, àtẹ́lẹsẹ̀ wa a máa jó, alángbá a sì máa mi orí sí wa bí ẹni pé òun ló ni ilẹ̀. A kì í bẹ̀rù. Ọmọdé kò mọ̀ pé eegun lè dá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà tí ó máa ń tẹ̀ lé wa. Kì í bá wa dé òkè. Bí a bá ti dé ibi igi ńlá kan nísàlẹ̀, yóò jókòó, yóò ní, "Ẹ máa lọ, ẹsẹ̀ ń ro mí." Àwa a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ọ̀lẹ ni. Nígbà ọyẹ́, ó lè sunkún mọ́jú, kí ìyá mi máa fi òróró gbígbóná wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò pé ọdún méjìlá tó fi kú. Àwọn àgbà ilé ní àbíkú ni. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ ná, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Mo dàgbà, mo jáde ní girama, mo rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa wá àkànṣe ìtàn kiri, iṣẹ́ ẹsẹ̀ gidi ni. Ní ọdún 2017, mo wà ní ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ìrora kan bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tí itan ọ̀tún mi gbé pàdé ara. Ìrora ẹ̀tàn ni. Yóò ti ìgbáròkó bẹ̀rẹ̀, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí orúnkún, débi pé orúnkún ni mo ń fi róòbù pa, nígbà tí olè wà lókè.

Gbogbo ayé ló di dókítà. Ìyá mi ní làkúrègbé ni. Onílé mi ní àìsùn tó ni. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn onígò nínú ọkọ̀ èrò ní kí n lo ìgò mẹ́ta, ó ní ẹ̀kẹta ni yóò lé e jáde. Mo lò ó. Ẹnì kan mú mi lọ síbi àdúrà, wọ́n ní wọ́n ta á sí mi lẹ́sẹ̀ ni. Mo lọ sí ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ. Dókítà tó jókòó níbẹ̀ kò gbójú sókè wò mí, ó kọ oògùn ibà àti oògùn ìrora, ó ní kí n dín iṣẹ́ kù. Báyìí ni ọdún méjì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Mo wá di ẹni tí ń jókòó sórí ibùsùn kí ó tó lè wọ ṣòkòtò.

Ní ọdún 2019 ni dókítà kékeré kan, ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ, ya àwòrán eegun mi. Ó gbé e sójú iná, ó dákẹ́. Ó ní, "Bàbá, kí ni jẹ́nótáìpù yín?" Mo ní, "AA ni." Ó ní, "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Kí ni ǹ bá sọ? Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù láti ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ lára mi rí nítorí rẹ̀. Wọ́n fà á lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èsì dé, SC ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi. Ọ̀pọ̀ wa mọ AS, a sì mọ SS tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ń ru S yìí kiri láìsàìsàn. Ṣùgbọ́n èròjà mìíràn wà tí ń jẹ́ C, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, ó sì wà láàrin àwa Yorùbá gan-an. Bí bàbá bá fún ọmọ ní C tí ìyá fún un ní S, SC ni ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní SC kì í sábà gbẹ bíi ti SS, ara rẹ̀ lè dá títí yóò fi tó ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi bá gbẹ lára tàbí tí òtútù bá mú un, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ a ká kọ̀rọ̀ bíi dòjé, wọn a há sí ojú ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú eegun. Orí eegun itan, èyí tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù nínú ihò ìgbáròkó, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó lọ síbẹ̀ kò pọ̀. Bí wọ́n bá dí, ebi á pa eegun náà, á kú, á sì wó bí ilé alámọ̀ tí òjò pa. Tèmi ti wó. Dókítà náà ní SC nìkan kọ́ ló ń fa irú èyí o. Ọtí àmujù ń fà á, oògùn tí wọ́n ń pè ní sìtẹ́rọ́ìdì ń fà á bí a bá ń lò ó láìgba àṣẹ, àwọn kan sì máa ń fi í pa mọ́ sínú àgbo onígò. Mo rántí ìgò mẹ́ta mi.

Mo lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ bá ìyá mi. Mo ṣe àlàyé náà fún un bí mo ṣe ṣe é fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ dópin. Kò sọ̀rọ̀ nípa èmi rárá. Ohun tó béèrè ni pé, "Èyí tó ń sunkún ẹsẹ̀ ńkọ́?" Òun fúnra rẹ̀ kò dárúkọ. Mo ní n kò lè búra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sí mọ́ tí a lè yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Ìyá mi ní, "Wọ́n ní kí n má sunkún rẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá sunkún, á tún padà wá dà mí láàmú." Ó wọlé lọ. N kò bá a wọlé.

Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló wà, kí wọ́n gé orí eegun tó kú náà kúrò kí wọ́n fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1962, John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi irin ṣe orí eegun, ó fi ike líle ṣe ihò rẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ǹtì eegun lẹ̀ wọ́n mọ́ ara. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Àtúnṣe náà ti dé Nàìjíríà, owó rẹ̀ ni kò dé ọwọ́ mi. Kòrónà tún dé ní 2020, gbogbo nǹkan dúró. Mo ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ìyàwó mi ta aṣọ òkè rẹ̀ mẹ́ta. Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣe é.

Ẹni tó bá ní SC, a kì í kàn gbé e sórí tábìlì bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ tèmi díẹ̀ jáde, wọ́n fi ti ẹlòmíràn rọ́pò. Wọ́n da omi sí mi lára láti ojú iṣan, wọ́n sì fi aṣọ bò mí kí òtútù má baà rí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lọ́pàá ẹ̀yìn. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, n kò ní ara mọ́, ṣùgbọ́n etí mi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ayùn. Mo gbọ́ òòlù. Wọ́n ń gbá mi bí ẹní ń gbẹ́ igi, gbogbo ara mi ń mì, kò sì dùn mí!

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn níbi tí mo sùn sí ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni Ọlọ́wẹ̀, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Arínjalẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ọ̀dọ̀ Ògógà tiwa. Láàrin 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Òpó kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọba jókòó níwájú, olorì dúró gbọingbọin lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, òun gan-an sì ni òpó. Ní Chicago yìí kan náà, ní 1910 yìí kan náà, ni dókítà kan tí ń jẹ́ James Herrick kọ ọ́ jáde pé òun rí sẹ́ẹ̀lì tó ká bíi dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti Grenada wá. Òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn. Nígbà tí ẹnì kan ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń wó òpó ara níbẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ òpó ní Ìkẹ́rẹ́. Títí di òní, bí mo bá rí àwòrán òpó náà, ìyàwó mi ni mo ń rí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbé mi dìde. Obìnrin tó ń kọ́ wa ní ìrìn, fisiótẹ́rápì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ wọn, kò gba gbẹ̀rẹ́. Ó kọ́ mi ní àtẹ̀gùn, ó ní, "Ẹsẹ̀ tó dá ṣáká ni kó kọ́kọ́ gòkè. Ẹsẹ̀ tí a ṣe ni kó kọ́kọ́ sọ̀. Ẹni tó bá ṣì í ṣe, àtẹ̀gùn á kọ́ ọ." Ó wá ka èèwọ̀ mi fún mi bí babaláwo. N kò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí. N kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. N kò gbọdọ̀ lóṣòó ní ṣálángá. Tìmùtìmù ni kí n máa fi sí àárín itan sùn. N kò sì gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ títí yóò fi ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ Ẹmùré ni ìyàwó mi. Oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, a lọ sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Mo dúró níwájú àwọn àna mi pẹ̀lú ọ̀pá, mo tẹrí ba. Bàbá àgbà kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé àna wa ti di gómìnà ni?" Ìyàwó mi ti kúnlẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, irin ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀ fún un." Ojú bàbá náà yí padà. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ìgbáròkó mi lórí agbádá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wo ìkòkò bóyá ó gbóná. Ó ní, "Kì í dípẹtà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè bàbá náà kì í ṣe ti òmùgọ̀ o. Kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó ń gbó. Ní 2019, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn The Lancet pé nínú ọgọ́rùn-ún ìgbáròkó àtọwọ́dá, nǹkan bí 58 ló ń lò tó ọdún 25. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo wà nígbà tí wọ́n fi tèmi sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ dáadáa, yóò sìn mí dé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Bí tèmi bá wá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 42 yòókù ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì ní ilẹ̀ mìíràn tí mo lè tà.

Ìdí nìyí tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí mo sọ nílé mi pé mo fẹ́ gun Olósùnta. Ìyàwó mi ní, "Ohun tí gbogbo wa pawọ́ pọ̀ rà, o fẹ́ lọ fi gba òkúta?" Mo ní aṣọ tí a kò wọ̀, tí a tì mọ́ inú àpótí, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Ó ní ìgbáròkó kì í ṣe aṣọ. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ lèmi náà sọ. Mo mẹ́nu ba Póòpù John Paul Kejì fún un, ẹni tó fẹ́ràn òkè gígùn láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Poland. Ó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ ní 1994, wọ́n pààrọ̀ ìgbáròkó fún un. Nígbà tó wá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kejì ní 1998, gbogbo wa rí i pé ọ̀pá ló ń fi rìn. Ìyàwó mi ní, "O rí i? Póòpù pàápàá!" Mo ti fi ẹnu ara mi pa ara mi. Ọ̀dọ̀ dókítà la gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó ní, "Gígun òkè kò burú, ìṣubú ló burú. Má fò, má sáré, má ru ẹrù. Máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ọ́. Bí o bá rí ibi tí kò dára, yí padà."

Mo fi ọdún kan àti ààbọ̀ palẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo ń lọ sí Mápó láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo ń gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà lọ sókè sódò, àwọn ọmọ alájàpá ń kà á fún mi. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni mo yàn, nítorí òjò ti lọ, òkúta kò ní yọ̀, ọyẹ́ kò sì tíì dé tí yóò mú eegun mi.

Mo sùn sílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, n kò sọ fún ìyá mi. Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì tó wà nílùú wa, èyí tí í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ nígbà tiwa. Òun ló gbé omi. Nídìí òkè, a bá bàbá kan tí ń lọ sóko. Mo tẹrí ba, mo ṣe àlàyé ìdí tí n kò fi dọ̀bálẹ̀, mo ní a fẹ́ tọrọ ọ̀nà. Ó béèrè bàbá mi. Mo sọ. Ó ní, "Ọmọ ẹni tó ní oko nísàlẹ̀ ibí yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ọ̀pá mi, ó wo bàtà onírọ́bà ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Òkè kì í lọ síbì kankan. Ibi tí o bá dé, kí o padà níbẹ̀."

Igi tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí kò sí mọ́. Kùkùté rẹ̀ nìkan ló kù. Mo sinmi lé e, mo mu omi, a bọ́ sórí òkúta.

N kò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ẹsẹ̀ tí ń sáré gun ibẹ̀ nígbà kan ti wá di ẹsẹ̀ tí ń gba àṣẹ. Ẹsẹ̀ òsì lọ, ọ̀tún tẹ̀ lé e, ọ̀pá tẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ òsì lọ, ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò dùn mí. Àyà mi ń lù kìkì, ooru mú mi, itan mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ ibi tí ìrora ti fi ọdún márùn-ún gbé, kẹ́kẹ́ pa. Mo dúró, mo ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí olówó tó jẹ lówó. Kò wá.

A gùn títí a fi dé ibi tí òkúta náà ṣe bí èjìká, ibi pẹrẹsẹ kan. Ibi tó kù ga tó òpó iná mẹ́ta, ó sì dúró ṣánṣán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀." Mo wò ó. Ẹsẹ̀ méjì mi fẹ́ lọ. Mo rántí ìyàwó mi, mo rántí ilẹ̀ tí mo tà, mo rántí bàbá olóko. Mo ní, "Ibi tí mo dé nìyí." Mo jókòó.

Ìkùukùu ń ká kúrò. Mo rí òrùlé Ìkẹ́rẹ́, àwọn tó ti pọ́n rokoroko àti àwọn tuntun aláwọ̀ búlúù. Mo rí Òrólè lápá kejì, mo rí títì Adó bí okùn, ọkọ̀ akẹ́rù ń rìn lórí rẹ̀ bíi kòkòrò. Lọ́nà ìlà-oòrùn, igbó ṣú lọ sí ìhà Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Mo wá ronú pé ọmọbìnrin kan wà tí kò rí èyí rí. A pè é ní ọ̀lẹ, a pè é ní àbíkú, ẹ̀jẹ̀ tó pa á lẹ́sẹ̀, òun kan náà ló ṣeé ṣe kó wà lára mi. Tèmi kàn dúró dìgbà tí òkìkí irin fi kàn dé ilé wa ni. Mo ṣí ẹnu, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti pè é kẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Ta lẹ pè?" Mo ní, "Ìyá rẹ kékeré kan tí o kò mọ̀."

Sísọ̀ ló kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí a bá ń sọ̀, gbogbo ara ló ń já lé eegun lórí. Ẹsẹ̀ irin ló ń ṣíwájú báyìí, ẹsẹ̀ òsì ń dì í mú lẹ́yìn. Ibi tó bá dá mi lójú, mo rìn. Ibi tí kò dá mi lójú, mo fi ìdí wọ́. Ní ibì kan, òkúta wẹ́wẹ́ yọ̀ lábẹ́ bàtà mi, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń lọ, kọ́, kọ́, kọ́, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo ti fi ọwọ́ méjèèjì di ìdì koríko kan mú. Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, mo ṣírò gbogbo owó tí mo jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọmọ náà wá gbé èjìká rẹ̀ fún mi, èjìká yẹn ni mo fi ṣe ọ̀pá délẹ̀.

Ìyá mi wà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Mo ti ń wò yín láti ìgbà tí oòrùn ti yọ. Aṣọ pupa rẹ ni mo fi dá ọ mọ̀. Nígbà tí o jókòó tí o kò lọ mọ́, mo ní ọmọ mi ti gbọ́n." N kò kí i kí n tó jáde láàárọ̀, ojú tì mí. Mo fẹ́ rọra dọ̀bálẹ̀, ó di èjìká mi mú. Ó ní, "Dúró bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ bá mi gbé ọ dìde?" Mo wá sọ fún un pé mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó ní, "O pè é?" Mo ní, "Mo pè é." Òun náà bá pè é, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ wẹ̀ kí òógùn má baà gbẹ mọ́ mi lára.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò ní kí gbogbo ẹni tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé fún lọ gun òkúta o. Dókítà kálukú ló mọ ti kálukú. Ṣùgbọ́n bí ìtan tàbí orúnkún bá ń dùn yín tí kò lọ, ẹ má fi ọdún méjì mu ìgò bí tèmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ìgbáròkó, kì í ṣe ti orúnkún nìkan. Ẹ má kọ AA sínú fọ́ọ̀mù nítorí pé ó dùn ún kọ, ẹ lọ fa ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì fa ti àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó mú àfẹ́sọ́nà wálé. Ọmọ tó bá sì ń sunkún ẹsẹ̀ lóru, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Ní ti ọ̀pá mi, a kò rí i. Ó ṣì wà níbìkan lára Olósùnta. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá rí i, kó máa lò ó. Mo ti ra òmíràn.